Ta Ló Máa Kọ́ Tíṣà Kékeré?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bí mo ṣe ń kọ̀wé rẹ́rìn-ín. Puráímárì fọ́ọ̀ ni mo ti kúrò níléèwé, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò... ohun tí mi ò lè fẹnu sọ ni mo ń tẹ̀ síbí.

Etíkun Ìlàjẹ là ń gbé, orí omi nilé wa wà, ọkọ mi ń pẹja lójú òkun, èmi ń yan ẹja tà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la bí. Ọmọ náà... mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó má dà bíi pé mò ń yangàn. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje, kò sí ohun tí wọ́n kọ nǹkan sí lára tí kò ní kà, títí kan ike ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀. Ó ń fi èédú sàmì sára òpó ilé níbi tí omi bá kún dé, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òṣùpá ló ń fà á. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Mi ò mọ̀.

Tíṣà kan ṣoṣo ló kù níléèwé wa, Àńtí kan tó ti òkè, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wá, inú yàrá kan náà ló kó gbogbo kíláàsì sí. Ọmọ mi á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, á tún ṣe ti puráímárì fọ́ọ̀ tó wà lójú bọ́ọ̀dù, á wá máa yọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ni Àńtí bá ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní A B D lẹ́yìn yàrá. Látìgbà tí wọ́n ti wọlé ní táámù yìí, ohun tó ń ṣe látàárọ̀ dọ̀sán nìyẹn. Tíṣà Kékeré ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá ń wa ọkọ̀ ojú omi mi kọjá, àwọn obìnrin á ké láti ẹnu ọ̀nà wọn pé, "Ìyá Tíṣà, ṣé owó oṣù ti wọlé?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Àńtí kì í ṣe èèyàn burúkú o, òun nìkan ni, àwọn ọmọ sì pọ̀. Àmọ́ ọmọ mi jókòó tì mí lórí afárá pákó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màámi, tí mo bá kọ́ wọn tán, ta ló máa wá kọ́ èmi?" Látọjọ́ yẹn kò sàmì sí òpó mọ́... ó kàn ń wo omi.

Kí ló dé tí mi ò bá Àńtí sọ̀rọ̀? Tíṣà tó wà ṣáájú rẹ̀, ìyá kan ló bá a jà nítorí ọmọ, tíṣà náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sókè lọ́jọ́ Jímọ̀, kò padà títí dòní. Wọ́n ṣì ń nàka sí ilé ìyá yẹn. Ìdí nìyí tí gbogbo ilé fi ń gbé omi mímu fún Àńtí yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí omi wa níyọ̀, kí òun náà má baà lọ. Nígbà tó kàn mí, mo gbé kẹ́ẹ̀gì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ sórí. Ó yin ọmọ mi, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ìbá ṣe bí kò bá sí i. Ṣé ẹ mọ ohun tó jáde lẹ́nu mi? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ máa lò ó, mà, ọmọ yín ni... Èmi ni mo fẹnu ara mi fà á lé e lọ́wọ́.

Tí mo bá sọ̀rọ̀ tí Àńtí bínú lọ, gbogbo ọmọ ló máa jókòó sílé. Tí mi ò bá sì sọ ọ́ ńkọ́? Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, báwo lẹ ṣe ń bá tíṣà sọ irú èyí tí kò fi ní dà bí àrífín? Kí ni kí n sọ? Ta ni kí n rán?

Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo kọ èyí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kó lọ. Láàárọ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo wakọ̀ gbé ọmọ mi lọ síléèwé. Mo kí Àńtí, mo kọjá sẹ́yìn yàrá, mo jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ kékeré, mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó dúró, kò tíì mọ ibi tó máa jókòó sí. Àńtí ń wò mí. Mo kọ A sára bọ́ọ̀dù kékeré wọn, mo ní kí wọ́n pè é.