Ẹ Má Jẹ́ Kí Àǹtí Nyura Wò Ó

Màámi,

Ẹ kú òtútù Perm. Ara mi le. Mo ti ríṣẹ́ nínú eré orí yìnyín àwọn ọmọdé ní Istanbul níbí. Ẹ má pe Àǹtí Nyura aládùúgbò wa wá wo fídíò rẹ̀ o: aṣọ béárì ni mo ń wọ̀, ẹ ò ní rójú mi. Ó sáà móoru!

Lánàá, ọ̀gá ní kí n bọ́ ọ, kí n gbé ọmọge kan sókè, bí mo ṣe máa ń gbé Zlata lórí yìnyín nígbà tá a jọ gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ọmọ náà ká ọwọ́ rẹ̀ kò, kò jẹ́ kí n gbé òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí Zlata já bọ́ lọ́wọ́ yín."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sáré gbé orí béárì mi wọ̀.

Ẹ kí gbogbo ilé. Tẹ́ ẹ bá rí Zlata pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń rìn lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ilé wa, ẹ bá a gbé àpò rẹ̀ dókè. Ẹ má dárúkọ mi.

Ródya yín