Òkè Ìyá Ilé

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Bàbá Àpáta ti lẹ àwòrán abẹ́ ilẹ̀ ńlá kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Ọ̀gá mi ni, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí: ká rán ìró wọnú ilẹ̀, ká fi bó ṣe ń padà bọ̀ mọ bí àpáta ṣe tò léra wọn. Ó ti rí òkè kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ibi tí epo lè sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá rí i ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́: Òkè Ìyá Ilé — bó ṣe máa ń pe ìyàwó rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá. Oṣù yìí ló ń fẹ̀yìn tì. Kànga epo tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ síbẹ̀ ni ìdágbére rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ tó fọwọ́ sí i. Ó ní ojú tèmi ṣì ń ríran ju tòun lọ. Inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ọkàn mi ò balẹ̀. Àpáta líle kan jókòó sórí Òkè Ìyá Ilé gẹ́lẹ́. Àwòrán wa kì í sọ bí nǹkan ṣe jìn tó. Àkókò tí ìró fi lọ tó fi bọ̀ ló ń sọ. Ìró a sì máa sáré nínú àpáta líle. Bó bá tètè dé, ohun tó wà lábẹ́ á dà bí ẹni pé ó ga. Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mo ti ṣírò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Pẹrẹsẹ. Kò sí òkè kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún ọkọ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, kí n pa ẹnu mi mọ́, kí kànga fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní bí kànga bá sọ ọ́, gbogbo ayé ló máa gbọ́. Mo bínú sí i — torí ìmọ̀ràn rẹ̀ wù mí.

Ọjọ́ Ajé, 11
Mo ti sọ fún un. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo fi ìṣirò hàn án. Ó wò ó pẹ́. "O ṣeun, ọmọ mi." Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ sílé. Ọ̀sán ò tíì pọ́n.

Ọjọ́rú, 13
Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má gbẹ́ ẹ mọ́. Ó ní òun lòun ṣì í, èmi ọmọ òun ni mo rí àṣìṣe náà. Aláṣẹ kan rẹ́rìn-ín. N ò ní gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo bá a níwájú àwòrán. Mo ní, Bàbá, àpáta líle yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká gbé orúkọ Màmá fún un. Ó mirí.

"Rárá o. Òun ló tàn wá jẹ. Ìyá Ilé ò tan èèyàn jẹ rí."

Ó mú rọ́bà, ó rọra pa orúkọ náà rẹ́. Kò jẹ́ kí èérún rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó gbá a sọ́wọ́, ó kó o sápò.