Orúkọ Tí Iná Ò Lè Pa Rẹ́ Mọ́

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi, nítorí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú page yìí. Èmi ni mo pa orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú rẹ́. Èmi náà ni mo tún un kọ. Ní Sunday tó ń bọ̀ yìí, bàbá mi fẹ́ lọ dúpẹ́ níwájú gbogbo ìjọ pé Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí orúkọ náà parẹ́... ó sì ní èmi ni kí n wá jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó bú mi. Festac là ń gbé, nínú ilé tí Daddy ti wà láti ìgbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, hòtẹ́ẹ̀lì kan ń kó ẹrù rẹ̀ tà, Daddy sì ra ẹ̀rọ géèmù kan níbẹ̀, irú àpótí gíga tí ẹ̀yin àgbà inú page yìí mọ̀, tó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n, tí èèyàn máa ń dúró tì láti yìnbọn lu ọkọ̀ òfuurufú. Parlour ló gbé e sí. Gbogbo ọmọ close wa ló gbá a, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbá tó Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Tí èèyàn bá gbá a dáadáa, ẹ̀rọ náà á ní kó kọ lẹ́tà mẹ́ta sílẹ̀ bí orúkọ, á wá máa gbé e hàn pẹ̀lú iye máàkì tó gbà. DAP ni Bọ̀dá máa ń kọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ ti wa yìí ni pé kì í rántí nǹkan kan. Bí iná bá ti lọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo orúkọ ojú rẹ̀ á parẹ́, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AAA, AAA, AAA. Ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Bọ̀dá Dàpọ̀ wá kí wa ní weekend kan, ó ra inverter fún Daddy, òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ ilé, ó ní ẹ̀rọ géèmù lòun máa fi dán an wò. Ó gbá a lọ́sàn-án Saturday yẹn, ó gba 486,350, ohun tí kò gbà rí láyé rẹ̀, ó kọ DAP, ó ń fò sókè bí ọmọdé, ó ní kí Daddy wá wò ó, èmi náà fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ní Monday ó padà sẹ́nu iṣẹ́... mọ́tò tó wọ̀ kò dé ibi tó ń lọ.

Nígbà tí a sin ín tán tí a wọlé, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lójú ẹ̀rọ. Inverter tó rà ló gbé e ró. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, Daddy wá dúró níwájú nǹkan yẹn tòun ti aṣọ dúdú lọ́rùn, ó kàn ń wò ó. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí iná kúrò lára rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án o! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pààrọ̀ bátìrì, ó máa ń dúró de iná NEPA kó tó yọ ti àtijọ́. Gen kékeré kan wà nílé wa tó jẹ́ ti ẹ̀rọ yẹn nìkan, fíríjì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Baba ń tọ́jú tẹlifíṣọ̀n bí ọmọ ọwọ́. Mummy ti kú ṣáájú, torí náà èmi tí mo ti gba ilé sí Ijegun-Egba ni mo kó padà wá, kí ẹnì kan lè wà nílé bí Daddy bá lọ sí ọjà tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sun ìta rí látìgbà náà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin kú ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, àbúrò tó gbé pọ̀n, kò lọ sin ín. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí wọ́n dá Daddy dúró sí hospital fún iṣẹ́ abẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Kó tó lọ, ó kọ òfin ẹ̀rọ náà sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìlà kẹta nínú rẹ̀ ni pé kí n má so áyọ́ọ̀nù mọ́ inverter. Mo kà á. Mi ò lè sọ pé mi ò kà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan kò síná, mo ti pẹ́, síkẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ti rún jégejège, mo ní ìṣẹ́jú méjì péré ni... mo so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Inverter ké lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn ẹ̀rọ yẹn kò dákẹ́ nínú parlour wa fún ọdún mẹ́sàn-án, àfi ọjọ́ yẹn. Mo sáré tan gen. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ padà. AAA. AAA. AAA.

Ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dárí jì mí. Kí ẹ̀rù tó bà mí, kí n tó bú sẹ́kún, inú mi dùn. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn pé ó tán, pé a lè sinmi. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì hospital.

Mo gbé fọ́tò inú fóònù mi, mo lọ bá Bọ̀dá Wàhéèd tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alákijà. Ó ní kò sí ohun tó lè dá orúkọ yẹn padà sínú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n software wà tó lè sọ kọ̀ǹpútà di ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, pé òun á kó géèmù náà jáde látinú bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ tiwa gan-an, a ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré sínú àpótí, a ó so ó mọ́ ojú rẹ̀ àti bọ́tìnnì rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọjọ́ mélòó la fi yan software! Èyí àkọ́kọ́ rọrùn, géèmù ẹgbẹ̀rún ló wà nínú rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ kó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ń sá eré àsápajúdé, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Daddy tó ń gbọ́ orin yẹn láti kíṣìnì? Láéláé. Èkejì le láti tò, ó gba Bọ̀dá Wàhéèd ní ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn rẹ̀ jáde, ara mi bù máṣọ, torí òun gan-an ni, ó dà bí ẹni pé Bọ̀dá Dàpọ̀ wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀yà méjì ló ní. Ọ̀kan ń ṣe bíi ẹ̀rọ gidi pátápátá, bí iná bá lọ orúkọ á parẹ́. Ìkejì ń tọ́jú orúkọ pamọ́, iná ì báà lọ nígbà ọgọ́rùn-ún. Bọ̀dá Wàhéèd bi mí léèrè èwo ni mo fẹ́, mi ò tiẹ̀ rò ó, mo ní èyí tó ń tọ́jú pamọ́, nítorí ó ti rẹ̀ mí, mi ò fẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi láé.

Ó wò mí títí. "Sister, ẹ̀rọ tiyín kì í rántí nǹkan o. Tí ẹ bá fi èyí sí i, ọjọ́ tí iná bá lọ ni àṣírí máa tú."

Mo ní Daddy kì í jẹ́ kí iná lọ. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbá géèmù náà dé 486,350 fúnra mi, kó lè dà bí ẹni pé ó ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n mi ò kọjá 30,000 rí. Níkẹyìn Bọ̀dá Wàhéèd ṣí ibi tí nọ́ńbà wà fún mi, mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ D, mo tẹ A, mo tẹ P.

Daddy dé láti hospital, kò tíì jókòó tó fi lọ bá ẹ̀rọ náà, ó fọwọ́ pa á lójú, ó ní mo ṣeun, mo káre. Mo wọ kíṣìnì lọ sunkún. Oṣù méjì kọjá, mo ti ń gbà á gbọ́ pé ó tán. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a... àbí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Èmi àti Daddy jọ lọ fún check-up, ojú ọ̀nà dí, a pẹ́, bátìrì ti kú ká tó dé. Bí a ṣe ṣílẹ̀kùn, ojú ẹ̀rọ dúdú kirikiri. Daddy jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, mo ti la ẹnu... iná dé. Ẹ̀rọ tan ara rẹ̀. DAP, 486,350.

Mi ò gbọ́ irú ohùn tí Daddy fi pe Jésù lọ́jọ́ náà rí. Ó ní Ọlọ́run ti sọ fún òun pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú Dàpọ̀, pé kí òun sinmi. Ó yọ plug lẹ́ẹ̀mẹta láti dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni orúkọ padà. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu! Software tí mo fi bo irọ́ ni Daddy ń pè ní iṣẹ́ ìyanu. Pastor ti kéde rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti ń wọlé wá wò ó, ìyá kan tiẹ̀ gbé ọwọ́ lé e, ó dijú. Bọ̀dá Wàhéèd pè mí, ó ní òun ti gbọ́, òun ò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò sí nínú rẹ̀ o.

Ẹ máa sọ pé kí n kàn jẹ́wọ́. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Daddy ti gbé inverter náà fún obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́nu close wa. Ó ń sùn di aago méje àárọ̀. Ó ń bá mi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ń bi mí ìgbà tí màá padà sí ilé mi kí n lọ wá ọkọ. Lánàá ó ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó fẹ́ lọ sí ojú oórì àbúrò rẹ̀ ní Monday, ó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ṣé kí n wá sọ fún un pé orúkọ ọmọ rẹ̀ ti parẹ́ láti January, pé áyọ́ọ̀nù ló pa á rẹ́, pé èmi ni mo fọwọ́ mi kọ èyí tó ń dúpẹ́ lé lórí? Ṣé yóò tún ní ẹsẹ̀ tí yóò fi jáde nílé? Àbí kí n dákẹ́, kí n lọ dúró níwájú Ọlọ́run kí n purọ́ mọ́ ọn? Ṣé irọ́ tó tú èèyàn sílẹ̀ ṣì ń jẹ́ irọ́?

Láàárọ̀ òní mo ní kó fi ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́rìí, pé ojú ń tì mí níwájú èrò. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Ta ni kí n mú? Ìwọ lo wà nílé pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní hospital. Ìwọ sì kì í purọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á títí. Ohun tí n ó sọ ni kí ẹ kọ́ mi, tí wọ́n bá gbé maikí lé mi lọ́wọ́ ní Sunday, tí Daddy sì ń wo ojú mi.