Oṣù Tí Mo Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Tíṣà

Ọjọ́ Ajé, 3/5/82. Ìlerò.
Wọ́n ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìkéde dé láàárọ̀ láti ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní Òkèhò: tíṣà kankan kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì títí ìjọba yóò fi fún àwa tó tọ́ sí ìgbéga ní tiwa. Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ó ti pẹ́ tí èmi àti Àwáwù, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ti ń retí ìgbéga yìí. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìwé kẹfà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Agogo fúnra rẹ̀ ló ti kíláàsì mi pa — ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì. Agogo ni mo ń pè é níbí, torí agogo ilé ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ mi dúró sábẹ́ igi emi, wọ́n ń wò mí.

Ọjọ́rú, 5/5
Jẹ́ẹ́dé wá sílé. Àgbẹ̀ oníṣu, bàbá Mọ́ládé tó wà ní kíláàsì mi. Kò jókòó. Ó ní, "Tíṣà, mo ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìgbòho. Bí Mọ́ládé bá yege lọ́dún yìí, kó máa kàwé lọ. Bí kò bá yege, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ, kó máa bá a tajà. Ẹ má bínú o." Òun ló tún ń bẹ̀ mí! Ọmọ náà mọ̀wé. Ìdá nínú ìṣirò nìkan ló ń dà á láàmú. Díẹ̀ ló kù kó yé e.

Ọjọ́bọ̀, 6/5
Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kí n tún máa yọ́ ṣe ohun tí ẹgbẹ́ ní ká má ṣe. Ìwà olè nìyẹn. Àfi kí n kọ́kọ́ kúrò. Mo sọ fún bàálé mi níbi tó ti ń fọ alùpùpù rẹ̀. Ó gbé àkísà sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé tíṣà tiẹ̀ lè kúrò nínú ẹgbẹ́?"
N kò mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7/5
Agogo ní kò ṣeé ṣe. "Ìyá Síkírù, ọjọ́ tí wọ́n gbà yín síṣẹ́ lẹ ti wọ ẹgbẹ́. Ikú tàbí ìfẹ̀yìntì ló ń yọ èèyàn." Mo bi í pé ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀.
Mo sọ fún Àwáwù. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ìwé yìí, inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun ọ̀sán. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. "Bí gbogbo wa bá ṣe bíi tìẹ ńkọ́, Àrínọlá? Ta ni ìjọba máa dá lóhùn?" Ó lọ láìkí mi pé ó dàárọ̀.

Àbámẹ́ta, 8/5
Bàálé mi gbé mi lọ Òkèhò. Òjò pa wá. Akọ̀wé ẹ̀ka, Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀, àgbà tíṣà, orí ti funfun. Ìjà ni mo múra rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, mo fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bèèrè ìdí. Mo sọ ti Mọ́ládé àti àwọn yòókù.
Ó ní, "Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí máa pa wá lára. Ṣùgbọ́n ẹ kò tàn wá jẹ." Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ: kí n kọ lẹ́tà sí òun, kí n buwọ́ lù ú, kí n fún ọ̀gá ilé ìwé ní ẹ̀dà kan, kí ẹ̀dà kejì lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, kí wọ́n má yọ owó ẹgbẹ́ mọ́ nínú owó oṣù mi. "Ẹ má gbàgbé ti ọ́fíìsì o! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ yín á ti jáde, owó yín á ṣì wà lọ́dọ̀ wa." Bí ìjọba bá fìyà jẹ mí lọ́la, ó ní, ẹgbẹ́ kò ní gba lọ́yà fún mi. Mo ní mo gbọ́.
Ó fún mi ní bébà. Mo kọ ọ́ níwájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi ṣìnà níbì kan. Ó tún un ṣe fún mi. Lẹ́tà tí mo fi ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀! Omi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run Ọba á san án fún un.

Ọjọ́ Ajé, 10/5
Agogo gba ẹ̀dà tiẹ̀, ó kì í sápò. Bàálé mi ti mú ti ọ́fíìsì lọ. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlùfáà Ràmọ́nì yọ̀ǹda ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí fún wa. "Ìmọ̀ náà ni. Ẹ ṣáà ti jáde kó tó di ìrun Àsárì." Àwọn ọmọ ti gbálẹ̀ kí n tó dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11/5
Àwáwù kọjá. Kò kí mi.

Ọjọ́bọ̀, 13/5
Àwọn tíṣà ọ̀dọ́ mẹ́ta já wọlé láti Òkèhò. "Ọ̀dàlẹ̀!" Ọ̀kan ti fa pátákó ìkọ̀wé wálẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò mọ ìgbà tí Àwáwù dé. Ó dúró láàárín èmi àti àwọn. "Ta lẹ ń pè ní ọ̀dàlẹ̀? Ó ti kúrò. Lójú gbogbo wa ló ṣe é. Ẹ kò láṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé pátákó yẹn dìde." Wọ́n gbé e dìde. Ó yí padà, ó lọ. Kò wojú mi. Mo fẹ́ sáré tẹ̀lé e — àwọn ọmọ dì mọ́ mi.

Ọjọ́rú, 19/5
Mọ́ládé ti mọ ìdá! Iṣu la fi kọ́ ọ: ìlàjì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ. A sè é, a jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 24/5
Àwọn ará ọ́fíìsì wá láti Ìbàdàn. Wọ́n ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ. Ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1/6
Ìjọba gbà. Ìyanṣẹ́lódì parí. Agogo ń lu agogo bí ọjọ́ ọdún.

Ọjọ́ Ẹtì, 25/6
Ìgbéga dé. Ti Àwáwù wà níbẹ̀. Tèmi náà wà níbẹ̀. Mo jókòó sínú kíláàsì. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ ló jà á fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 9/7
Èsì ìdánwò: Mọ́ládé yege! Jẹ́ẹ́dé sáré wá láti oko, erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo dì í mú. Ní gbogbo ọdún tí mo ti gbé láyé, n kò tíì rí irú ayọ̀ yìí lójú àgbà ọkùnrin.

Àbámẹ́ta, 10/7
Ẹgbẹ́ ṣèpàdé ní ilé ìwé wa. Ẹnu àwa tí à ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì ti gbẹ. Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀ wá. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀. Mo ní n kò wá láti padà wọ ẹgbẹ́. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ohun kan náà ni màá ṣe. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jà fún mi nígbà tí n kò sí lára yín. Mo dúpẹ́." Mo kúnlẹ̀.
Mo dìde, mo fẹ́ máa lọ.
Àwáwù kò wojú mi. Ó kàn sún lórí bẹ́ńṣì.
Mo lọ jókòó.