Abọ́ Àgbàdo Méjì tí Nọ́ọ̀sì Gbé Wá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì kí èyí tó wà nínú tí kò tíì lè jẹ́ mi lóhùn. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú ńkọ́? Wẹ́rẹ́ ni wàá sọ̀ o, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín. Àwa náà wà níbí, orúnkún baba yín nìkan ni kò gbọ́ràn.

Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ń sọ, ó ń kọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì í jù. Ó ní àwọn ibì kan wà lára èèyàn tí òun kò ní kọ orúkọ wọn láéláé, nítorí náà níbi tí o bá ti rí àlàfo, kí o mọ̀ pé èmi dárúkọ ibẹ̀ o, òun ló fò ó.

Má bínú pé ò ń pè mí tí kò wọlé. Láti ọjọ́ tí o ti fi fọ́tò ọmọ inú rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, tí o ń sunkún pé wọ́n ní obìnrin tún ni, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù náà síná mọ́. Ọmọ ló wà nínú rẹ̀, bí iná bá gbé e ńkọ́? Mo ti fi aṣọ wé e, mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Kí fóònù náà tó kú, baba yín yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní òun kò rí ọmọ kankan, òjò tó ṣú lòun rí. Èmi rí i ní tèmi. Mo kí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé wa, kò lè la ẹnu.

Ẹkún rẹ yẹn kò kúrò létí mi. Mo mọ ohun tó ń pa ọ́ lẹ́kún. Bàbá ọkọ rẹ ti ránṣẹ́ pé bí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yìí bá tún jẹ́ obìnrin, kí ọmọ òun lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ta ni yóò wá mọ̀ ọ́n bí kò ṣe èmi tí mo bí obìnrin márùn-ún? Torí ẹ̀ ni baba yín ṣe mú ìyàwó kejì wọlé. Ìyẹn náà bí obìnrin méjì, ó kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Baba yín ní a ti jọ dìtẹ̀ mọ́ òun ni.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tuntun wá ní kí àwọn obìnrin wá gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa oyún ní ilé ìwòsàn, mo ní màá lọ gbọ́ ọ torí tìẹ. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Akọ̀wé ibẹ̀ béèrè ọjọ́ tí nǹkan oṣù mi dé kẹ́yìn. Mo ní kó kọ ọ́ pé ọdún tí afárá já ni, ṣùgbọ́n bóyá àárọ̀ ni tàbí ọ̀sán, n kò rántí mọ́, kó jọ̀wọ́ má fi irọ́ kún un. Ó wò mí, ó wo fọ́ọ̀mù, ó fi àlàfo sílẹ̀ bíi ti télọ̀.

Nọ́ọ̀sì so àwòrán obìnrin kan mọ́ ògiri, inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo kí obìnrin náà kú ìnira, mo bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ti rán ikùn rẹ̀ padà. Àwọn obìnrin tó kù ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó wá fi igi tọ́ka sí ilé ọmọ, ó ní kò ju ìkúùkù mi lọ bí oyún kò bá sí níbẹ̀. Mo di ìkúùkù, mo wò ó. Ẹ̀yin márààrún lẹ gbé inú ẹ̀! Ó ní ẹyin kan ló ń jáde lóṣù, á gba ọ̀nà tóóró kan, ibẹ̀ ló ti ń pàdé àtọ̀ ọkùnrin tó gba .......... wọlé. Ó ní àìmọye wọn ló ń sáré, ẹyọ kan péré ló ń rí ọ̀nà wọlé. Háà! Baba yín tí òjò ń pa tí kì í yára ẹsẹ̀, kí nǹkan ara rẹ̀ máa sáré báyẹn!

Ló bá gbé abọ́ méjì jáde. Ó ní abọ́ obìnrin rèé, àgbàdo funfun nìkan ló wà níbẹ̀. Abọ́ ọkùnrin rèé, funfun àti pupa, ìdajì ìdajì. Ó ní kí n dijú, kí n mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí funfun bá bá funfun, obìnrin ni. Bí pupa bá bá funfun, ọkùnrin ni. Mo dijú, mo mú, mo mú. Nígbà tó yá mo lajú, mo da abọ́ tèmi sílẹ̀, mo wá pupa títí, n kò rí. Mo ní nọ́ọ̀sì, ọkùnrin tèmi dà? Ó ní Ìyá, kò fìgbà kan sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti ń wá, bàbá náà kò sì lè yàn án. Mo ní ṣé a kò lè bá wọn ṣà á bí a ti ń ṣa ẹ̀wà ni, torí mo mọ nǹkan ṣà. Ó ní rárá.

Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò sí nínú abọ́ mi.

Mo yá abọ́ náà, mo gbé e síwájú baba yín. N kò bá a jà. Ó ní irọ́ ni, ó ní kí ni ọmọdé nọ́ọ̀sì yẹn mọ̀. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ìyàwó kejì ńkọ́, ṣé abọ́ tèmi lòun náà lò ni? Ó gbé abọ́ méjèèjì, ó jáde. Fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yìn ilé ló ń jókòó sí. Mo yọjú síbẹ̀, mo bá a tó dijú, tó ń mú àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kẹrin ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára, ó fi aṣọ bo abọ́ méjèèjì, ó wọ mọ́tò lọ sílé bàbá ọkọ rẹ. Ó ní ìyẹn kọ́kọ́ fi òun rẹ́rìn-ín. Òun wá sọ fún un pé àna mi, mo fìyà jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo gbé abọ́ dání, ìyàwó mi ni mo ń bá wí. Ọmọ rẹ ló gbé abọ́ dání báyìí. Má jẹ́ kó ṣe bíi tèmi. Bàbá ọkọ rẹ náà bá dijú, ó mú nínú abọ́ ọkùnrin. Funfun. Ó tún mú. Funfun. Ó ní òun ti kó ọ̀rọ̀ òun jẹ, òun á pe ọmọ òun fúnra òun. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni adìyẹ rẹ̀ ti wọlé ṣa gbogbo pupa jẹ. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá àkùkọ nìkan ni adìyẹ náà yóò máa pa báyìí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Nígbà tí baba yín dé, kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló dúró sí. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ní ẹ kú ìfaradà, ìyá àwọn ọmọ mi, abọ́ mi ni. Mo ní oúnjẹ ti jinná.

Nítorí náà nu ojú rẹ nù, má bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Bá mi ra àgbàdo pupa ránṣẹ́, kò wọ́pọ̀ níbí, nọ́ọ̀sì sì fẹ́ gba abọ́ rẹ̀ ní kíkún. Fi owó díẹ̀ tì í fún egbòogi orúnkún baba yín, ìrìn àjò náà kò bá a lára mu. Ó ní kí n sọ fún ọmọ inú rẹ pé òun ń retí rẹ̀, obìnrin gan-an lòun fẹ́. Ẹsẹ̀ ire ni yóò fi wá, ìwọ náà yóò sì jèrè gbogbo wọn.

Télọ̀ dáwọ́ kíkọ dúró díẹ̀ kó tó máa kọ ọ́ lọ. Ó ní ọmọbìnrin mẹ́fà ló wà nílé òun. Ó ní kí n tó dá abọ́ náà padà, ṣé òun lè yá a fún ọjọ́ kan.

Èmi ni ìyá rẹ.