Ojú Funfun Ara Ẹja Dúdú

Lianqin, ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun yó? Ṣé o ti wọ ṣòkòtò abẹ́ tó nípọn, àbí o tún ń tẹ̀lé àwọn ọmọge Xi'an tó ń fi orúnkún han òtútù? Kí òtútù má mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ. Kí ara àwọn tó ń ra egbòogi lọ́wọ́ rẹ máa yá, àmọ́ kó má yá tán pátápátá, kí ọjà má baà kú. Èmi bàbá rẹ, Dang Shuanlao káfíńtà, ni mò ń kọ̀wé yìí. Kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́, tó o bá rí àṣìṣe, tèmi ni.

Ilé wà. Ìyá rẹ náà wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń dà á láàmú. Àgùntàn Hou aládùúgbò wa tún jẹ kábéèjì wa, mo sì ti sọ ọ́ níwájú gbogbo abúlé pé olè ni òun àti àgùntàn rẹ̀, àgùntàn nìkan ló lójútì.

Láti ìgbà tá a ti kórè àlìkámà ni mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ sínú fóònù lóòrèkóòrè. Bí mo bá ti mú ìka kúrò báyìí, àmì pupa kékeré kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Inú mi á dùn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé wò ó, ọmọ wa ti gbọ́, pupa ló fi dá wa lóhùn, ṣebí pupa la fi ń ṣègbéyàwó, òun náà la ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn lọ́dún tuntun, ta ló ń fi pupa ránṣẹ́ sẹ́ni tó ń bínú sí? Pupa tí mo ní lé ní àádọ́ta. Mo sọ fún ọ pé ìyá rẹ ṣubú lẹ́bàá kànga: pupa. Mo sọ pé eegun rẹ̀ ò ṣẹ́: pupa. Mo wá fi han Hou kí inú rẹ̀ lè bàjẹ́, torí ọmọ tiẹ̀ kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́. Hou wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní Shuanlao, o dàgbà o ò gbọ́n, ọmọ rẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, ohun tí pupa yẹn ń wí ni pé ọ̀rọ̀ rẹ ò wọlé. Mo ní irọ́ ńlá, ìlara ló ń ṣe é. Mo délé, mo ro ẹjọ́ rẹ̀ fún ìyá rẹ kó lè bá mi bú u. Kò bú u. Ó kọjú sí ààrò, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni, àti pé ó ti pẹ́ tóun ti mọ̀.

Mi ò ní purọ́, mo mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tó o ṣí ṣọ́ọ̀bù, o fi fọ́tò ránṣẹ́: ìwọ rèé nínú ilé, ò ń rẹ́rìn-ín, àmì yin àti yang, ẹja dúdú àti ẹja funfun tó ń yí po nínú òbìrí kan, gbàǹgbà lára gíláàsì ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ. Èmi tí mo ti kun àmì yẹn sára igi òkè òrùlé ilé mọ́kànlélógójì, mo wò ó, mo rí i pé òdì ló ń yí, bá a ṣe ń kùn ún sára pósí lábúlé wa níbí. Mi ò béèrè. Mo ní o gbé àmì òkú sẹ́nu ọ̀nà tí aláìsàn ń gbà wọlé, mo ní o ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì, mo ní kó o má pe ara rẹ lọ́mọ mi mọ́. O ní kí n jẹ́ kó o ṣàlàyé. Mo pa fóònù.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi gíláàsì sí fèrèsé wa dípò bébà, ni àwọn ológoṣẹ́ bá ń forí sọ ọ́. Ìyá rẹ ní kí n ya nǹkan sí i kí wọ́n lè rí i. Mo dúró níta, mo ya yin àti yang, ó yí bó ṣe yẹ kó yí. Mo wọlé lọ mu omi gbígbóná, ìyá rẹ ní, Shuanlao, kí ló dé tó o ya ti òkú sójú fèrèsé wa? Mo wò ó: òdì ni. Mo sáré síta: ó dáa. Mo wọlé: òdì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo jáde tí mo wọlé, àgùntàn Hou ń wò mí. Lianqin, inú ilé ni wọ́n ti ya fọ́tò rẹ. Aláìsàn tó ń bọ̀ láti ìta, èyí tó dáa ló ń rí. Mo bú ẹni tó ṣe gíláàsì. Mo bú ẹni tó ṣe fóònù, tó fún un lójú, tí kò fún un lẹ́nu láti sọ pé inú ilé lòun wà. Nígbà tí mo bú wọn tán, ó ku ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò tíì bú.

Èmi ló sì yẹ kó mọ̀ jù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ní ọ̀lẹ lẹni tó ń sọ pé àmì yẹn já bọ́ látọ̀run. Ó ní ara òkè lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn ń pa ni yang, ẹ̀gbẹ́ tí ìbòòji bò ni yin, òkè kan náà ni. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí wọ́n tó yà á bí ẹja méjì tó ń lé ìrù ara wọn, ojú dúdú lára ẹja funfun, ojú funfun lára ẹja dúdú, torí kò sí èyí tí kò ní díẹ̀ lára èkejì. O mọ̀ pé apá ìbòòji òkè wa ni wọ́n bí ìyá rẹ sí. Àwọn èèyàn mi lápá oòrùn ní kí n má fẹ́ ẹ, wọ́n ní ará ìbòòji, ọ̀dùnkún wọn kéré, ọkàn wọn tutù. Mo fẹ́ ẹ. Lọ́dún tí ọ̀dá jó gbogbo oko apá oòrùn, ọ̀dùnkún kéékèèké yẹn náà la jẹ tá ò fi kú. Ìyẹn ni ojú dúdú tó wà lára ẹja funfun.

Ojú funfun ara ẹja dúdú ló kù. Èyí tí mo kùn sára igi òkè òrùlé wa lọ́dún tá a bí ọ, èéfín ti jẹ ẹ́, ó ti ṣí kúrò. Ẹja náà ti fọ́jú. Ìyá rẹ máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ wò ó, ó ní ọjọ́ tí mo pariwo mọ́ ọ ló fọ́. Ọjọ́ tí òru gùn jù lọ́dún sì ti ń bọ̀, ọjọ́ tí yin á kún dé góńgó, ọjọ́ yẹn gan-an ni yang á tún yọjú. Ìyá rẹ á ṣe jiaozi, ìyẹ̀fun tá a fi wé ẹran àgùntàn, bá a ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn kí òtútù má baà gé ọ létí. Má béèrè àgùntàn ta ni.

Mo fẹ́ tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ, kò pọ̀, yuan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó agolo ọ̀dà funfun kékeré kan. Má fi sínú fóònù, ilẹ̀kùn ti tì níbẹ̀. Ra ọ̀dà náà, gbé e wá fúnra rẹ. Ọmọ mi ni ọ́, mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹsẹ̀ mi ò gba àkàbà mọ́. Nígbà tó o kéré, ìwọ lo máa ń dì í mú fún mi. Báyìí ìwọ ni wàá gùn ún, èmi á dì í mú. Tó bá tiẹ̀ dà bíi pé òdì lo kùn ún, mi ò ní sọ̀rọ̀. Màá kọ́kọ́ lọ dúró lápá kejì wò ó.

Kí oòrùn mọ ẹnu ọ̀nà rẹ, ọmọ mi. Kí ìbòòji tó bá ṣú bò ọ́ jẹ́ èyí tó tu ara.

Èmi ni bàbá rẹ, tó pẹ́ nínú ilé kó tó jáde síta wò ó.