Ìlà Tí Mo Fà Yí Oko Wa Ká

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá 2025. Àgbowó.

Dókítà Ọládàpọ̀ bi wá ní kíláàsì: ta ló ń ṣòfin fún ọjà ayé? Mo mọ ìdáhùn. Mi ò nawọ́. Kabir ló dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Gbogbo ohun tó sọ ló wà nínú ìwé mi.

A óò kọ iṣẹ́ lórí òfin òkèèrè kan tó ń mú ará ilé wa. Ti kòkó ni màá kọ. Àwọn ará Yúróòpù ní àwọn ò ní ra kòkó tó bá hù níbi tí wọ́n ti gé igbó lẹ́yìn ọdún 2020. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ibi tí tirẹ̀ ti hù hàn lórí máàpù. Bàbá mi ní oko kòkó. Ó ku nǹkan kan tí mo mọ̀ tí Kabir ò mọ̀.

Àbámẹ́ta, 4. Ìdí-Ayùnrẹ́.

Mo wọkọ̀ ní Challenge láàárọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ra kòkó Bàbá, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Ring Road, ní kí olúkúlùkù fi fóònù rìn yí oko rẹ̀ ká, kí fóònù lè ya máàpù rẹ̀. Fóònù Bàbá ò ju kí wọ́n fi pe èèyàn lọ. Èmi ni mo fi tèmi rìn ín.

Bàbá ṣíwájú pẹ̀lú àdá, mò ń tẹ̀ lé wọn. Bàbá Láwùmí jókòó síwájú ilé tiwọn, wọ́n ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àwọn náà ni alága àwọn àgbẹ̀ kòkó abúlé. Alága Ẹnu-Ààlà ni mò ń pè wọ́n nínú ọkàn mi – kò sí ààlà tí wọn ò ní ẹjọ́ níbẹ̀.

Níbi tí kòkó tó ń so parí sí, mo dúró. Mo ní ṣé ibí náà ni?

“Ibí kẹ̀? O ò rí pèrègún lọ́ọ̀ọ́kán? Bí mo bá dúró síbí lójú ẹni yẹn, lọ́la ni wọ́n máa ní mo ti fẹsẹ̀ ara mi fi ààlà mi hàn.”

A rìn dé ìdí pèrègún. Oko Kaosarah ló wà láàárín. Orúkọ mi ni. Igbó bàbá àgbà ni tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2023 tí mo yege WAEC, Bàbá ta igi ibẹ̀ fún àwọn onígẹdú, wọ́n fowó pa mọ́ fún ilé ìwé mi, wọ́n sì gbin kòkó síbẹ̀ fún mi. JAMB gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọlé. Kòkó ò dúró dè mí – ó ti ga dé èjìká mi.

Mo rọra rìn kí ìlà náà má baà wọ́.

Àìkú, 5.

Mo ti fi máàpù ránṣẹ́. Ìrẹ̀mídé, tá a jọ ń gbé yàrá, ní “Awọnlẹ̀ àgbà!” Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ìṣẹ́gun, 14.

Bàbá pè. Ilé iṣẹ́ ò gba kòkó wọn. Wọ́n ní oko náà pupa lórí máàpù. “Kaosarah, kí ló ń jẹ́ oko pupa?”

Mo ṣí ìwé yìí sí ọjọ́ kejì oṣù. Ó wà níbẹ̀, ọwọ́ ara mi: lẹ́yìn ọdún 2020. Igbó ọba tí ìjọba ń ṣọ́ ni mo rò pé wọ́n ń wí. Mo kà á, mo kọ ọ́, mi ò rí bàbá mi nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16. Ring Road.

Mo sá kíláàsì. Àǹtí Yéjídé, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà, fi àwòrán tí wọ́n yà láti òfuurufú hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. 2020: igi dúdú kìjikìji. Nísinsìnyí: ilẹ̀ gbalasa. Wọ́n ní, “Ìlà kan lẹ fà. Ìlà kan, oko kan. Bí ẹ bá ti dúró níbi tí kòkó àtijọ́ parí sí ni, kò sí wàhálà.”

Mo bi wọ́n, ta la lè bẹ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. “Ní Yúróòpù? Àwa náà, wọ́n fi òfin yìí ránṣẹ́ sí wa ni.” Wọ́n fún mi lómi.

Ọ̀nà kan ló wà. Kí n fa ìlà mìíràn, kí n yọ Oko Kaosarah kúrò. Ṣùgbọ́n kí kòkó ibẹ̀ má baà dà pọ̀ mọ́ ti oko àtijọ́ lọ́jọ́ iwájú, Bàbá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ibẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Kí alága àwọn àgbẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.

Alága.

Jímọ̀, 17.

Mi ò tíì pe Bàbá.

Àìkú, 19.

Mo pè wọ́n. Mo ṣàlàyé ọ̀nà náà fún wọn. Wọ́n ní bí àwọn ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́? Mo ní àwọn oníṣòwò tí kì í béèrè máàpù á rà á ní ìdajì owó. Mo ní bóyá kí n kúkú fi ilé ìwé sílẹ̀, kí n padà wálé.

“Kí igi tí mo gé lè já sásán? Má tún jẹ́ n gbọ́ ọ.”

Ọjọ́rú, 22.

Mo dúró níwájú kíláàsì. Mo ka iṣẹ́ mi. “Àgbẹ̀ kan” ni mo ń wí ṣáá. Dókítà ní kò sí iṣẹ́ tó dára tó tèmi. Kabir wá béèrè, kí ló dé tí àgbẹ̀ náà ò ka òfin kó tó máa rìn kiri? Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Ó ní ọmọ tó bá a kà á.”

Mo lọ jókòó.

Àbámẹ́ta, 25. Ìdí-Ayùnrẹ́.

Bàbá Láwùmí gbé àga fún wa. Wọn ò ṣe é rí. Wọ́n ka ìwé náà sókè lẹ́ẹ̀mejì: “...ilẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti ọmọ mi kankan.”

Bàbá ní, “Ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n.”

“Kó lè yé ọmọ ìwé ni.”

Bàbá fọwọ́ sí i. Bàbá Láwùmí tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n fi fóònù mi ya ìwé náà fáwọn pẹ̀lú.

A tún oko rìn. Níbi tí kòkó tó ń so parí sí, Bàbá fúnra wọn ló dúró. Mo gbé fóònù yà sọ́wọ́ òsì. Mi ò wo àwọn kòkó kéékèèké yẹn. Mo ti ń gbọ́ àdá ní ìdí pèrègún – Láwùmí àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti wọ Oko Kaosarah.

Ìlà náà pa dé. Bàbá ní ṣé ó ti tọ́ báyìí?

Mo ní ó ti tọ́.